Beecroft kì í ṣe ọkọ̀: ìbéèrè yín lórí ọkọ̀ àti bàálù àwọn ọmọ ogun ojú omi

Irú ìròyìn yìí kì í gùn: NNS Beecroft mú àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan tó sá pamọ́ sí ìdí ọkọ̀ ẹrù l'Ékòó, ó fà wọ́n lé Ìmígíréṣọ̀n lọ́wọ́, ó parí. Ó ti jáde nínú ìwé ìròyìn kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, ìbéèrè kan náà ló sì máa ń tẹ̀lé e: ọkọ̀ wo ni Beecroft, ibo ló gúnlẹ̀ sí, kí ló dé tí a kì í rí àwòrán rẹ̀? Ìbéèrè yẹn bí òmíràn, òmíràn náà sì tún bímọ. A kó wọn jọ síbí.

Kí ni ìtumọ̀ NNS?

Nigerian Navy Ship, ìyẹn ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà.

Irú ọkọ̀ wo wá ni Beecroft?

Kì í ṣe ọkọ̀. Bárékè ni, ní Àpápá, ó ní géètì, ó sì ní ògiri. Ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì la ti kọ́ iṣẹ́ yìí, àṣà wọn sì ni pé kí orúkọ ọmọ ogun ojú omi kọ̀ọ̀kan wà nínú ìwé ọkọ̀ kan, ì báà jẹ́ pé ọ́fíìsì ló ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́. Bí ọkọ̀ kò bá tó, kí wọ́n fún ilé lórúkọ ọkọ̀, ó tán. Nàìjíríà jogún àṣà náà tòun ti orúkọ. NNS Quorra wà ní Àpápá, NNS Delta ní Warri, NNS Pathfinder ní Port Harcourt, NNS Victory ní Calabar. NNS Lugard tiẹ̀ wà ní Lọ́kọ́ja, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ rí òkun ti gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ mọ́tò. Kò sí èyí tí ìgbì lè mì nínú wọn.

Ẹni tó bá mọ ìtàn Èkó yóò ti rántí Beecroft kan: John Beecroft, kọ́ńsù ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà nídìí bí ọkọ̀ ogun wọn ṣe yìnbọn lu Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, tí wọ́n lé Kòsọ́kọ́, tí wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí oyè. Lónìí, abẹ́ orúkọ yẹn ni àwọn tó ń ṣọ́ omi Èkó ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò sọ nǹkan kan o.

Ọkọ̀ mélòó ni a ní gan-an?

Ẹ má béèrè iye tí a ní. Ẹ béèrè iye tó lè kúrò ní èbúté láàárọ̀ ọ̀la.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ogun kò jìnnà sí ti dánfó. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ kan máa wà lójú pópó lójoojúmọ́ mọ̀ pé ọ̀kan kò tó: bí ọ̀kan ti ń ṣiṣẹ́, èkejì wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ̀kẹta ń múra àtijáde. Ìṣirò mẹ́ta sí ọ̀kan yìí náà ni àwọn tó mọ iṣẹ́ òkun ń lò, bí owó bá sì ń wọlé déédéé ni. Níbi tí owó epo ọkọ̀ ti ń pẹ́ kó tó dé, tí páàtì ẹ́ńjìnnì sì ń ti Yúróòpù bọ̀, mẹ́ta kì í tó. Bẹ́ẹ̀ etíkun wa tó 853 kìlómítà, òfin òkun sì fún wa lẹ́tọ̀ọ́ sí nǹkan bí 370 kìlómítà wọnú agbami.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ka orúkọ NNS lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ní a ju àwọn ará ibí àti àwọn ará ọ̀hún lọ, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti yọ Lọ́kọ́ja kúrò.

Aradu ńkọ́? Ṣebí òun ni ọ̀gá gbogbo wọn?

Òun ni. Blohm + Voss ló kàn án ní Hamburg, Jámánì, ó ju mítà 125 lọ, ó sì wọ iṣẹ́ ní 1982. Republic ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ pè é. Ó ní mísáìlì, ó ní ìbọn ńlá, ó ní ibi tí hẹlikọ́pítà lè bà sí. Nígbà náà, kò wọ́pọ̀ kí orílẹ̀-èdè aláwọ̀dúdú ní irú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ gan-an tí Aradu ti fi ẹ́ńjìnnì ara rẹ̀ jáde. Ẹ̀rọ Olympus tó ń sáré gbé e, irú èyí tí wọ́n ń ṣe fún bàálù ni, ó ń mu epo bí ilẹ̀ ṣe ń mu omi òjò. Páàtì rẹ̀ kò sí ní Ládípọ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé tòkunbọ̀ ni a ń lò?

Méjì nínú àwọn tó tóbi jù, bẹ́ẹ̀ ni. NNS Thunder àti NNS Okpabana jẹ́ ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, Chase àti Gallatin, ọdún 1968 ni àwọn méjèèjì wọ iṣẹ́ lọ́hùn-ún. Wọ́n fún wa ní Thunder ní 2011, wọ́n fún wa ní Okpabana ní 2014. Ẹni tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí ọkọ̀ yẹn kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ti lè ní ọmọ-ọmọ kó tó dé Èkó.

Ṣùgbọ́n kí a má fi wọ́n ṣẹ̀sín jù. Tòkunbọ̀ yìí náà ni Thunder tó rìn dé Sydney, Ọsirélíà, ní 2013. Ní oṣù Kejì 2016, nígbà tí àwọn ajalèlókun gba ọkọ̀ epo MT Maximus nítòsí Abidjan, Okpabana wà lára àwọn tó lépa rẹ̀ dé tòsí São Tomé, tí wọ́n sì gbà á padà. Àwọn tuntun náà wà: Centenary àti Unity ti Ṣáínà wá, ìkínní dé ní 2015, èkejì ní 2016. NNS Kada tó gùn ní 100 mítà, tó lè kó sójà àti mọ́tò, ti Sharjah wá ní 2022. NNS Lana tó ń wọn ìsàlẹ̀ òkun ti Faransé wá.

Ta ló ń sọ wọ́n lórúkọ?

Mo ti ń retí ẹni tí yóò bi mí ní èyí.

Ní nǹkan bí 1980, nígbà tí owó epo ń ya wọlé, ìjọba ra ọkọ̀ ìjà mẹ́ta tó yára ní Jámánì. Wọ́n sọ wọ́n ní Ekpe, Damisa àti Agu. Ekpe ni ẹkùn lédè Efik, Damisa ni ẹkùn lédè Haúsá, Agu ni ẹkùn lédè Ìgbò. Wọ́n tún ra mẹ́ta ní Faransé, wọ́n sì sọ ọ̀kan nínú wọn ní Ẹkùn, kí inú tiwa náà lè dùn. Ẹranko kan ṣoṣo, ọkọ̀ mẹ́rin.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe erinmi. Dorina àti Otobo ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé ní 1972, Erinomi àti Enyimiri tẹ̀lé wọn ní 1980. Dorina ni àwọn Haúsá ń pe erinmi, Otobo ni àwọn Kalabari ń pè é. Erinomi kò nílò ògbufọ̀. Enyimiri, bí ẹ bá tú u, erin inú omi náà ni. Yorùbá àti Ìgbò wo ẹranko kan náà nínú odò, ohun kan náà ló sì wá sí àwọn méjèèjì lẹ́nu. Ẹni tó bá ń wá ìṣọ̀kan Nàìjíríà kiri, àárín orúkọ ọkọ̀ ló wà.

Aradu, àrá ni, lédè Haúsá. Nọ́ńbà ara rẹ̀ ni F89. Nígbà tí ọkọ̀ Amẹ́ríkà dé, wọ́n fún un ní F90, wọ́n sì sọ ọ́ ní Thunder. Àrá náà nìyẹn. Wọ́n ti gbàgbé pé ọ̀kan wà nílé.

Ṣé a kò lè kan tiwa ni?

A ti ń kàn án, àwọn kéékèèké. Ní ọgbà àtúnṣe ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi ní Victoria Island ni wọ́n ti kan NNS Andoni tó wọ iṣẹ́ ní 2012, lẹ́yìn náà Karaduwa ní 2016, àti Oji ní 2021. Andoni kò ju nǹkan bí mítà 31 lọ, ẹ́ńjìnnì àti ẹ̀rọ rédíò sì ṣì ń ti òkè òkun wá. Ṣùgbọ́n bí ìdí ọkọ̀ náà bá lu, welder tó kàn án kò jìnnà.

A ní ọmọ ogun òfurufú. Kí ni ti ojú omi ń fi bàálù ṣe?

Nítorí pé ayé rí roboto. Ẹni tó dúró níbi tó ga ní mítà 10 lórí ọkọ̀, nǹkan bí kìlómítà 11 ni ojú rẹ̀ mọ kí omi tó bo ohun tó wà níwájú. Ẹ gbé ẹni kan náà sínú hẹlikọ́pítà, kó ga ní mítà 300, yóò rí nǹkan bí kìlómítà 60. Ọkọ̀ tí kò ní bàálù ń fọwọ́ tá nínú òkùnkùn ni.

Lynx mẹ́ta ni wọ́n rà fún Aradu ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dé ní 1984. Nígbà tó yá, wọn kò fò mọ́. Agusta 109 ló rọ́pò wọn. Ọ̀kan nínú irú rẹ̀ ló já ní Okoroba, ìpínlẹ̀ Bayelsa, ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá 2012, tí gómìnà Kàdúná, Patrick Yakowa, àti Ọ̀gágun Owoye Azazi kú pẹ̀lú àwọn mẹ́rin mìíràn. Òkú ni wọ́n lọ sin tí wọ́n ń bọ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ gbọ́ pé àwọn ọmọ ogun ojú omi tiẹ̀ ní bàálù, wọ́n sì béèrè, pẹ̀lú ẹ̀tọ́, ohun tó kan bàálù òkun pẹ̀lú ìsìnkú.

Àwọn bàálù Deep Blue ńkọ́?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. NIMASA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun, ló ni Deep Blue, ètò ìṣọ́ òkun kan, kì í ṣe Nevi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ológun ló ń bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ṣí i l'Ékòó ní oṣù Kẹfà 2021: ọkọ̀ òkun ńlá méjì, bàálù méjì, hẹlikọ́pítà mẹ́ta, dróònù mẹ́rin, bóòtì asáré 17. Kirikiri ni wọ́n ti ń darí rẹ̀. Ti Nevi fúnra rẹ̀ ni Falcon Eye, ìyẹn rédà àti kámẹ́rà tó wà káàkiri etíkun. Bàálù ATR méjì tó ń ṣọ́ òkun, ti ọmọ ogun òfurufú ni.

Ṣé bóòtì kékeré lè dá ọkọ̀ epo ńlá dúró?

Rárá, bí ọkọ̀ náà bá kọ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2022, NNS Gongola bá Heroic Idun nídìí kànga epo Akpo lóru. Ọkọ̀ epo yẹn gùn ju mítà 300 lọ. Gongola ní kó tẹ̀ lé òun, ó sì sá, ó ń pariwo lórí rédíò pé ajalèlókun ló ń lé òun. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà láti ibi tí àwọn atukọ̀ wà: òkùnkùn, bóòtì kan tí wọn kò mọ̀ rí, ohùn ọlọ́pàá tó lè jẹ́ ti olè. Ẹ tún wò ó láti orí Gongola: ọkọ̀ tó ga bí ilé alájà rẹpẹtẹ ń yí ẹ̀yìn sí ọ. Guinea Equatorial ló mú un níkẹyìn, wọ́n dá a padà fún wa ní oṣù Kọkànlá, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 2023 lẹ́yìn àdéhùn àti owó ìtanràn nílé ẹjọ́. Tẹlifóònù ló mú Heroic Idun, kì í ṣe ìbọn.

Ṣé ajalèlókun ti tán?

Wọ́n dínkù, wọn kò tán. Ní 2020, nínú atukọ̀ 135 tí wọ́n jí gbé lágbàáyé, ọgọ́rùn-ún lé ọgbọ̀n ni wọ́n jí ní Gulf of Guinea tiwa yìí. Ìkọlù 81 ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún náà. Ní 2021, ó wálẹ̀ sí 34. Ohun tí mo rò pé ó mú un rọlẹ̀ ju ọkọ̀ tuntun lọ ni òfin ọdún 2019 tó sọ jíjalè lókun di ẹ̀ṣẹ̀ tí a lè fi ẹni sẹ́wọ̀n lé lórí. Ṣáájú rẹ̀, wọ́n á mú olè tán, wọn ò ní mọ ẹ̀sùn tí wọ́n máa kà sí i lọ́rùn. Mẹ́wàá lára àwọn tó gba ọkọ̀ ẹja Ṣáínà kan ní 2020 gba ẹ̀wọ̀n ọdún méjìlá-méjìlá l'Ékòó.

Kí ló kàn mí níbẹ̀? Mi ò ní ọkọ̀.

Ẹ jẹ òkú Èkó láìpẹ́ yìí? Búrẹ́dì ńkọ́? Ojú omi ni ẹja inú yìnyín àti àlìkámà gbà wá, owó adójútòfò tí ọkọ̀ ń san nítorí olè sì wà nínú iye tí ẹ san.

Mo lè ya fọ́tò ọkọ̀ ogun láti inú bóòtì Àpápá?

Ẹ má dán an wò nítòsí bárékè. Òfin àṣírí ìjọba ti 1962 wà nílẹ̀, ẹ̀ṣọ́ tó bá gba fóònù yín kò sì ní jókòó kà á fún yín.

Bóòtì tí mo wọ̀ láti Ìkòròdú, bí àwọn Nevi bá dá a dúró lóru ńkọ́?

Ẹ jókòó síbi tí ẹ wà. Kì í ṣe àwọn ológun ló léwu jù, ẹ̀gbẹ́ kan tí gbogbo èrò máa sáré sí láti wò wọ́n ni. Kí láìfù jákẹ́ẹ̀tì wà lọ́rùn, kó má wà nídìí. Èyí tó tilẹ̀ dára jù ni kí ẹ má wọ bóòtì lóru.

Ẹnìkan ní kí n mú owó wá, òun á fi ọmọ mi sí Nevi.

Gbájúẹ̀ ni. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù.

Àwọn tí Beecroft ń mú nídìí ọkọ̀ yẹn, ibo gan-an ni wọ́n ń jókòó sí?

Orí ìtọ́kọ̀, irin pẹlẹbẹ ńlá tó wà lẹ́yìn, tí ọkọ̀ fi ń ya ọ̀tún ya òsì. Bí ọkọ̀ kò bá ru ẹrù púpọ̀, orí irin náà yọ síta díẹ̀, àyè kan sì wà lókè rẹ̀ tí ènìyàn lè ká ara rẹ̀ sí. Ẹsẹ̀ wọn kò jìnnà sí omi. Bí ìgbì bá ru, ó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní oṣù Kẹfà 2023, ọkùnrin mẹ́rin gun orí ti ọkọ̀ Ken Wave l'Ékòó, wọ́n rò pé Yúróòpù ló ń lọ. Ọjọ́ 14 ni wọ́n lò níbẹ̀. Oúnjẹ àti omi tán lọ́jọ́ kẹwàá, omi òkun ni wọ́n mu lẹ́yìn náà. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá fà wọ́n jáde, Vitória ni wọ́n wà, ní Brazil. Méjì nínú wọn ní kí wọ́n dá àwọn padà sílé.