Àkàbà ìkìlọ̀: ohun tí ajá ń sọ kó tó gé ẹnikẹ́ni jẹ

Láàrin àwa Yorùbá, orúkọ ajá kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti ajá. Ẹni tí inú ń bí sí ará ojúlé kejì á sọ ajá rẹ̀ lórúkọ tó dà bí òwe. Bó bá wá di ìrọ̀lẹ́, á jókòó síwájú ilé, á máa pè é kíkankíkan títí ọ̀rọ̀ yóò fi dé etí ẹni tó kàn. Tanímọ̀la ni ajá wa àgbà ń jẹ́, ní Òkè-Baálẹ̀ níbí ní Òṣogbo. Ìyá mi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí wọ́n sì tìtorí ẹ̀ sọ ọ́ ti kó kúrò ládùúgbò tipẹ́. A mọ bí a ṣe ń fi ajá ránṣẹ́ ọ̀rọ̀. Èyí tí ajá fúnra rẹ̀ ń sọ ni a kì í gbọ́, pàápàá bí méjì wọn bá jọ ń gbé inú ọgbà kan.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ túmọ̀ ni èyí tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní ladder of aggression. Kendal Shepherd, dókítà ẹran kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló yà á bí àwòrán àkàbà. Bí a bá ní ká tú u ní tààrà, àkàbà ìbínú la ó pè é. Àkàbà ìkìlọ̀ ni èmi ń pè é, torí ìkìlọ̀ ló kún ibẹ̀. Ìpele tó kẹ́yìn pátá lókè ni eyín ti ń wọ ẹran ara.

Ní ìsàlẹ̀ àkàbà, nǹkan kéékèèké ni: ajá á yán, á ṣẹ́jú, á fi ahọ́n lá imú ara rẹ̀. Bí ẹni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu kò bá kúrò, á gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á kọ ẹ̀yìn sí i, tàbí kó kúkú dìde kó máa lọ. Bí kò bá ráyè lọ, á ba mọ́lẹ̀, á di etí mọ́ orí, á ki ìrù bọ abẹ́ ikùn. Òmíràn á dùbúlẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ kan sókè kí ikùn rẹ̀ hàn. Kò sọ pé kí ẹ wá fọwọ́ pa òun níkùn o. Ó ń bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí òun sinmi ni. Lẹ́yìn èyí ni ara á gan, tí yóò sì ranjú mọ́ ẹni náà. Ẹ̀yìn ìyẹn ló ń kùn. Lẹ́yìn kíkùn, á gbá ẹnu mọ́ afẹ́fẹ́ láìkan ẹnikẹ́ni. Ó wá ku gígé jẹ.

Ẹ wo ibi tí kíkùn wà. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òkè. Nígbà tí etí wa fi gbọ́ "hùn-ùn-ùn" yẹn, ajá ti sọ̀rọ̀ nígbà márùn-ún, mẹ́fà, tẹ́nikẹ́ni ò dá a lóhùn.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nílé wa nìyí, nígbà òjò tó kọjá. Mo ra eegun lọ́wọ́ alápatà ní Ọjà Ọba, mo ju ọ̀kan sí Tanímọ̀la lábẹ́ igi máńgòrò. Bingo, ajá wa kékeré tí kò tíì pé oṣù mẹ́sàn-án nígbà náà, ti jẹ tiẹ̀ tán. Ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́. Tanímọ̀la yán. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ la wà, oorun ò kùn ún. Ó lá imú. Ó yí orí sápá ògiri, eegun wà láàrin ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Bingo tún sún ìṣísẹ̀ kan. Tanímọ̀la dáwọ́ jíjẹ dúró, ẹnu rẹ̀ ò kúrò lórí eegun, ojú rẹ̀ ló yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí funfun ẹyinjú fi yọ. Ó ṣe wàyí, ó kùn.

Àbúrò mi tó ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé ju sílípáàsì lù ú. "Ìwọ àgbàyà yìí, ọmọdé lo ń bá du eegun!" Tanímọ̀la sá, Bingo gbé eegun. Ó sì tún ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà méjì sí i, pẹ̀lú igi ìgbálẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀, n kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, Tanímọ̀la ò kùn mọ́. Ó kàn dìde, ó fa etí Bingo ya. Gbogbo ilé ń pariwo pé ó gé e jẹ láìsọ nǹkan kan, pé bóyá ó ti fẹ́ ya dìgbòlugi.

Ó sọ ọ́. Àwa la fìyà jẹ ẹ́ nítorí pé ó sọ ọ́.

Ohun tí àkàbà yìí ń kọ́ni gan-an nìyẹn. Bí ẹ bá na ajá torí pé ó kùn, inú tó ń bí i ò lọ. Ohùn rẹ̀ lẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìpele kan ti já kúrò lára àkàbà, ó sì wá di pé láti ìsàlẹ̀ ló ti máa fò dé òkè. Èyí tó tún burú jù ni pé ajá máa ń so nǹkan pọ̀ mọ́ra: Bingo ń bọ̀, igi ń bọ̀. Kí ló ṣe máa nífẹ̀ẹ́ Bingo?

Àwọn àgbà tilẹ̀ ti rí ìpele kan nínú àkàbà yìí kí dókítà kankan tó yà á: bí ajá bá rójú ẹkùn, á pàrọ́rọ́. A sábà máa ń pa òwe yìí fún ẹni tó rí ọ̀gá rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ wá wọhò. Ṣùgbọ́n bí ajá méjì bá wà nídìí abọ́ kan, pàrọ́rọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ bẹ̀rù. Ajá tó ń pariwo ṣì ń fẹ́ kẹ́nì kan gbọ́. Èyí tó gan, tí kò mí, tí kò jẹun mọ́ tí kò sì gbé orí sókè, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló kù fún yín.

Ìrù ńkọ́? Gbogbo ayé ló gbà pé ajá tó bá ń ju ìrù, inú rẹ̀ ló dùn. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ìrù tó rọ̀ tí gbogbo ìdí ń bá a jó, ayọ̀ nìyẹn. Ìrù tó nà sókè gan-n-gan tó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, ẹ lọ pe Bingo kúrò níbẹ̀. Lọ́dún 2007 àwọn onímọ̀ kan ní Ítálì kíyè sí i pé bí ajá bá rí olówó rẹ̀, apá ọ̀tún ni ìrù rẹ̀ máa ń tẹ̀ sí jù. Bó bá rí ajá àjèjì tó le, apá òsì ni. Lọ́dún 2013 wọ́n tún fi hàn pé àwọn ajá mìíràn ń rí ìyàtọ̀ yìí, pé ọkàn wọn máa ń lù kìkì bí wọ́n bá rí ìrù tó ń lọ sí òsì. Èmi ò lè fojú mú u, mo ti gbìyànjú. Àwọn tó ni èdè ló gbọ́ ọ.

Eré náà ní àmì tirẹ̀. Ajá á fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì lélẹ̀, ìdí á wà lókè, bí ọmọkùnrin tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí àgbà tó wá gbàgbé ìdí rẹ̀ sókè. Bí ẹ bá ti rí ìyẹn, kíkùn àti gígé tó bá tẹ̀lé e, eré ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ má dá sí i, àfi bí ọ̀kan bá ń wá ọ̀nà àtisá tí èkejì ò jẹ́ kó lọ.

Aládùúgbò wa kan wá ní ká jẹ́ kí wọ́n jà á tán, kí wọ́n lè mọ ẹni tó lọ̀gá. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Lọ́dún 1947 Rudolf Schenkel, onímọ̀ nípa ìwà ẹranko, kọ̀wé nípa àwọn ìkookò tí wọ́n kó jọ sínú ọgbà ẹranko ní Basel, ní Switzerland. (Ìkookò ilẹ̀ òtútù tó jẹ́ ìbátan ajá ni mò ń wí, kì í ṣe èyí tí àwọn bàbá wa mọ̀ nínú igbó.) Ó rí i pé wọ́n ń jà du ipò. Ṣùgbọ́n àjèjì la há mọ́ ibì kan, wọn kò ráyè kúrò. Lọ́dún 1999 David Mech, onímọ̀ nípa ìkookò ní Amẹ́ríkà, tí òun gan-an ti bá wọn tan ọ̀rọ̀ ọ̀gá yìí kálẹ̀ tẹ́lẹ̀, kọ ọ́ síta pé nínú igbó, bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ wọn ni agbo ìkookò sábà máa ń jẹ́. Ó tún sọ pé ìkookò èyíkéyìí lè gbìyànjú láti jí oúnjẹ ẹlòmíràn, àmọ́ olúkúlùkù ló ń gbèjà tiẹ̀, bó ti wù kó kéré tó. Nítorí náà, Tanímọ̀la ò du oyè. Eegun rẹ̀ ló ń ṣọ́.

Ní báyìí, ẹ̀yìnkùlé ni Tanímọ̀la ti ń jẹun, ìdí géètì ni ti Bingo, a ò sì kó abọ́ títí wọ́n á fi kúrò níbẹ̀. Bí Tanímọ̀la bá yán, Bingo la máa ń pè. A kì í dúró sẹ́yìn èyíkéyìí nínú wọn bí wọ́n bá ń wojú ara wọn, nítorí bí ajá bá lẹ́ni lẹ́yìn, á pa ọ̀bọ. Bí ìjà bá sì dé, ẹ má ki ọwọ́ bọ àárín wọn. Omi garawa kan tàbí ariwo ìdérí ìkòkò ni kí ẹ fi là á.

Ajá tó ṣàdédé yí ìwà padà, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, ó lè jẹ́ pé nǹkan ń dùn ún. Bó bá sì gé èèyàn jẹ, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí àmì àìsàn dìgbòlugi bá ti yọ lára èèyàn, ó ṣọ̀wọ́n gan-an kó tó yè é. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń gún fún ajá lọ́dọọdún kò tó ohun tí à ń fẹ́ ṣírò owó lé lórí.

Láàárọ̀ àná, Tanímọ̀la dùbúlẹ̀ sínú oòrùn lẹ́nu ọ̀nà, Bingo ń bọ̀ tìyáratìyára láti ìdí géètì. Tanímọ̀la lá imú lẹ́ẹ̀kan. Bingo dúró, ó gbé imú sílẹ̀, ó ń gbóòórùn ilẹ̀ bí ẹni tí kọ́bọ̀ rẹ̀ sọnù, ó wá gba ẹ̀gbẹ́ ògiri yí ká. Àbúrò mi jáde, ó bá mi níbi tí mo dúró sí.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ̀ ń wò?"