Kí ẹ tó gbé Ìyá kúrò ní Kétu

Ìyá náà dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀. Ó ká ìró rẹ̀ sókè dé orúnkún, ó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tọ́ ilẹ̀ wò bí ẹni tó fẹ́ sọdá odò. Ọmọ rẹ̀ ní, "Ìyá, ẹ máa wọlé bọ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Ìyá ò mira. Táìlì tuntun ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, ó ń dán gbinrin, iná sì tàn sí i. Lójú tìyá, omi ni.

Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀dọ̀ àwọn arúgbó ni mo sì máa ń lọ jù. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n gbé ìyá yìí dé láti Kétu. Iyè rẹ̀ ti ń ra díẹ̀díẹ̀, ó ti ń ṣarán. Ó ti jáde lóru lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kejì, ẹ̀bá Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu, ni wọ́n ti rí i, kò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ẹ̀gbọ́n ọmọ rẹ̀ yìí tó wà ní Faransé ní kí wọ́n wá ilé ìtọ́jú bí irú tọ̀hún fún un. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ tiwa, ilé ọmọ ni arúgbó ń lọ. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan náà ló ń bá a débikíbi tí wọ́n bá gbé e lọ.

Ohun tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni àrùn yìí kọ́kọ́ ń kó lọ, ti àtijọ́ ló ń pẹ́ lára. Ẹni tó ti gbé ilé kan láti ìgbà tó ti relé ọkọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló mọ ibẹ̀: láti orí ẹní dé ẹ̀yìnkùlé, láti ẹ̀yìnkùlé dé ìdí ààrò. Ilé náà ló ń bá a rántí. Tí ẹ bá gbé e kúrò níbẹ̀, ẹ ti gba ìdajì iyè tó kù sí i lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kí ẹrù ṣáájú èèyàn. Ẹ kó ẹní rẹ̀, àpótí ìjókòó rẹ̀, ìrọ̀rí rẹ̀ tó ti dípẹtà, ẹ tò wọ́n sí yàrá tuntun bí wọ́n ṣe wà ní ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ tó lọ gbé òun fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Kí ó jẹ́ àárọ̀, lẹ́yìn tó bá ti jẹun. Ẹ má gbé bẹ́ẹ̀dì gíga kalẹ̀ fún ẹni tó ń sùn lórí ẹní, yóò já bọ́ lóru.

Ní Weesp, ní Nẹ́dálándì, wọ́n ṣí odindi àdúgbò kan fún irú àwọn arúgbó yìí ní 2009. Hogeweyk lorúkọ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, òpópónà wà, wọ́n ń rìn káàkiri láìsọnù. Gbogbo owó tí wọ́n ná síbẹ̀, kí arúgbó lè máa gbé ayé bó ṣe ń gbé e tẹ́lẹ̀ ni. Ẹní àti àpótí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ rí dókítà ná. Kì í ṣe gbogbo arúgbó tó ń gbàgbé ló ń ṣarán. Etí dídi, ìbànújẹ́ ọkàn, àìtó fítámì B12, gbogbo wọn lè jọ ọ́. Ẹni tó sì gbádùn lánàá, tó wá ń sọ ìsọkúsọ lónìí, ibà ni kí ẹ wò, tàbí àìsàn ojú ìtọ̀, tàbí kò mumi tó. Ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò lọ́wọ́ lọ, pàápàá oògùn oorun àti ti ara yíyún. Àwọn kan nínú wọn ń da orí arúgbó rú gan-an. Ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni Kétu, a ń jó, a ń gẹ àwọn ìyá wa. Tí ìyá kan bá wá ń dá sọ̀rọ̀ lóru, àwa kan náà la ó ní ó ń kà bí àjẹ́. Ó máa ń dùn mí.

Ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ gbà fún ìyá yìí, Ègùn ló ń sọ. Ìyá ti fi Ègùn ná ọjà rí, ó gbọ́ ọ dáadáa nígbà náà, àmọ́ èdè tí a kọ́ dàgbà sábà máa ń ṣáájú lọ. Ọmọ náà ní kó wá wẹ̀. Àjèjì tó fẹ́ bọ́ aṣọ lára òun ni ìyá rí, ó gbá a létí. Wọ́n mú ìbátan kan wá láti Kétu. Láàárọ̀, ìyẹn kúnlẹ̀, ó ń ki oríkì ìdílé rẹ̀ bí àwọn ìyàwó ilé ṣe ń ṣe. Ìyá tí kò mọ orúkọ ọmọ bíbí inú rẹ̀ gba oríkì náà mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì kì í parí. Lẹ́yìn náà ló lọ wẹ̀.

Ní ti ilẹ̀ tó ń dán, ẹní gbọọrọ la tẹ́ sí i. A da aṣọ bo dígí, torí ó ń kí obìnrin inú rẹ̀, inú sì ń bí i pé kò dáhùn. Iná ilé ìgbẹ́ ń wà ní títàn mọ́jú, ilẹ̀kùn ibẹ̀ ń wà ní ṣíṣí. Wọ́n ń ti géètì, ṣùgbọ́n wọn kì í ti ìyá mọ́ yàrá, wọ́n sì rán nọ́ńbà fóònù mọ́ etí ìró rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ló le jù. Tó bá ti di bíi aago márùn-ún, á di ẹrù rẹ̀ sínú gèlè, á ní òun ń lọ sílé. Ọmọ rẹ̀ á ní, "Ìyá, ilé rèé." Ẹkún á dé. Mo jókòó tì í lọ́jọ́ kan, mo bi í pé ta ló wà nílé. Ó ní, "Àwọn ọmọ ò tíì jẹun." Mo gbé abọ́ ẹ̀wà kan síwájú rẹ̀. Ó tú gèlè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á. Lálaalẹ́ ni wọ́n ń da ìdọ̀tí padà sínú ẹ̀wà náà kó lè rí i ṣà lọ́jọ́ kejì. Ojú ń ti ọmọ rẹ̀, ó ní àwọn ń tan ìyá àwọn. Ojú ò tì mí ní tèmi.

Ẹ̀gbọ́n Faransé máa ń pè lórí fídíò lọ́jọ́ Àìkú. "Ìyá, ṣé ẹ mọ̀ mí?" ni ìbéèrè rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyá á kàn máa wojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó máa dárúkọ ara rẹ̀ kó tó kí i, kó sì béèrè ọjà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó béèrè iye tí ata ń lọ. Ìyá na abọ́ ẹ̀wà sí fóònù, ó ní kó mú owó wá ná.