Bísíkíìtì ọdún: ooru ṣáájú iná, ọ̀rinrin lẹ́yìn iná

Àwọn ìwé tó ń kọ́ni ní bísíkíìtì sábà máa ń ní kí a gbé bọ́tà sílẹ̀ títí yóò fi rọ̀. Ibi tí òtútù ti ń mú ni wọ́n ti kọ ìyẹn. Lọ́sàn-án oṣù kẹta ní Ìlọrin, bọ́tà tó wà lórí tábìlì kì í dúró lórí rírọ̀, yíyọ́ ló ń yọ́. Bọ́tà gidi ti ń di omi kí ooru tó kọjá 35°C. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ bísíkíìtì ti ń bàjẹ́, kí iná tó kàn án rárá.

Nígbà tí a bá ń lu bọ́tà pọ̀ mọ́ ṣúgà, hóró ṣúgà ló ń gbẹ́ ihò wẹ́wẹ́ tí atẹ́gùn ń sá sí nínú bọ́tà. Bọ́tà tó ti yọ́ kò lè mú atẹ́gùn dúró. Tí ó bá tún dénú iná, kíá ló máa ṣàn, kí fúláwà tó ráyè gan, bísíkíìtì á sì tẹ́ pẹrẹsẹ, ọ̀kan á wọnú èkejì. Bọ́tà tó dára fún iṣẹ́ yìí ni èyí tí ìka ń wọ̀ bí a bá tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n tí ojú ibẹ̀ kò dán bí òróró. Ẹni tó bá pò ó lẹ́yìn ìrun àsùbáà ti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìdajì wàhálà.

Fún bísíkíìtì bíi 65 sí 70 tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5, fúláwà gírámù 400, bọ́tà gírámù 250, ṣúgà gírámù 150, ẹyin kan, ìdajì síbí tíì bákìn páúdà, àti síbí tíì kan fanílà. Bọ́tà inú ike sábà máa ń ní iyọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má fi kún un. Kóńgò ò wúlò níbí, ife pàápàá ò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé: ife fúláwà kan lè wọn gírámù 120 bí a bá rọra fi síbí bù ú sínú rẹ̀, ife yẹn kan náà á wọn 150 bí a bá kì í bọnú àpò. Lórí ife mẹ́ta, ìyàtọ̀ náà ti di gírámù 90, òun ló sì ń sọ bísíkíìtì di òkúta. Òṣùwọ̀n kékeré tó ń lo bátìrì ni kí ẹ rà.

Ẹ ka ara ike bọ́tà náà. Èyí tí ọ̀rá rẹ̀ kò tó 80%, omi ló fi kún ìyókù. Ó dùn lórí búrẹ́dì, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí bísíkíìtì gan. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń wọ̀n tà nínú láílọ́ọ̀nù tí kò ní àkọlé, ẹ yọ́ síbí kan nínú rẹ̀ lórí iná. Bí ó bá ń ta pàrà pàrà tí kò tètè dákẹ́, omi ló pọ̀ níbẹ̀. Ṣúgà tiwa náà, hóró rẹ̀ máa ń tóbi, nítorí náà ẹ lọ̀ ọ́ díẹ̀ nínú bùlẹ́ńdà tó gbẹ.

Ẹ lu bọ́tà àti ṣúgà fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, ẹ fọ́ ẹyin sí i pẹ̀lú fanílà, ẹ tún lù ú díẹ̀. Ẹ wá jọ fúláwà àti bákìn páúdà lé e lórí. Orógùn ṣe é fi pa á pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe agbára tí a fi ń ro àmàlà. Bí a bá ti ń rò ó jù, fúláwà á bẹ̀rẹ̀ sí í fà bí rọ́bà, bísíkíìtì á sún kì, á sì le. Gbàrà tí ẹ kò bá ti rí fúláwà funfun mọ́, ó tó. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ lá abọ́ náà, nítorí ẹyin tútù àti fúláwà tútù lè fa inú rírun.

Kaṣú wà káàkiri ní gúúsù Kwara, èyí tó ti di yíyan sì dára nínú bísíkíìtì ju ẹ̀pà lọ. Gírámù 80 tó, ẹ gé e wẹ́wẹ́. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó dà á sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ooru rẹ̀ á yọ́ bọ́tà tí ẹ ti ń ṣọ́ láti àárọ̀. Kaṣú tó ṣì wà nínú èèpo, ẹ má fọ́ ọ nílé: òróró inú èèpo yẹn máa ń jó ara. Ẹni tó bá fẹ́ àgbọn kó kọ́kọ́ yan án nínú ìkòkò gbígbẹ títí omi á fi tán lára rẹ̀. Atalẹ̀ tútù náà, omi ló gbé. Síbí tíì méjì èyí tó gbẹ tí a lọ̀ kúnná ló yẹ.

Lẹ́yìn èyí ni ìtutù. Ẹ fi láílọ́ọ̀nù dì í, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2, ẹ má ṣe é róbótó, torí àárín róbótó kì í tètè tutù. Wákàtí kan nínú fíríìjì tó. Bí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́? Ìkòkò amọ̀, irú èyí tí wọ́n ń mọ ní Dada l'Òkèlele ní Ìlọrin, ń ṣe iṣẹ́ fíríìjì kékeré: omi ń rọra jáde lára amọ̀, atẹ́gùn ń gbẹ ẹ́, gbígbẹ yẹn sì ń mú ooru kúrò lára omi tó kù nínú. Ẹ bu omi sí i láti alẹ́, ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí ẹ wá fi àpòpọ̀ náà sínú agolo tó ní ọmọrí, kó léfòó nínú omi yẹn. Nígbà Kérésì, ọyẹ́ á gbẹ amọ̀ dáadáa, omi á tutù gan-an. Iléyá ló le. Lọ́dọọdún, ó máa ń fi bí ọjọ́ 11 ṣáájú ti èṣí. Ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ni ti 2025 bọ́ sí, láàárín òjò, ìgbà tí atẹ́gùn ti kún fún omi, tí ìkòkò amọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ tutù. Ní irú àsìkò yẹn, díẹ̀ díẹ̀ ni kí ẹ máa mú jáde, kí ìyókù wà nínú omi.

Ẹ fi ìgò yí i láàárín láílọ́ọ̀nù méjì kó nípọn tó mìlímítà 5. Igi méjì tó nípọn bákan náà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ni kí ìgò máa yí lé lórí. Èyí tó tín-ín-rín á jó kí èyí tó nípọn tó jinná, orí páànù kan náà. Agolo tòmátò kékeré tí a ti gé orí àti ìdí rẹ̀ ló ń gé e dáadáa. Ẹ ṣọ́ra fún etí rẹ̀.

Bọ́tìnì ọ́fìnnì gáàsì kì í sábà sọ òótọ́. Ìwọ̀n tí a fẹ́ ni 175°C. Ṣúgà máa ń yọ́ ní 186°C, nítorí náà ó ṣe é fi dán an wò: ẹ bu síbí ṣúgà kan sórí fọ́ìlì, ẹ fi sínú ọ́fìnnì tó ti gbóná fún ìṣẹ́jú 15. Bí ó bá yọ́, iná ti pọ̀ jù, ẹ fà á wálẹ̀, kí ẹ tún un dán wò. Ìsàlẹ̀ ni iná gáàsì ti ń wá, torí náà ẹ gbé páànù sí òkè díẹ̀. Bí ìdí bá ṣì ń dú tí ojú funfun, ẹ ti páànù méjì bọ ara wọn. Ìṣẹ́jú 12 sí 14 ló ń gbà.

Ẹni tí kò ní ọ́fìnnì lè lo ìkòkò ńlá tó nípọn, irú èyí tí a fi ń se ìrẹsì ayẹyẹ. Ẹ da iyanrìn tí a ti fọ̀ tí ó sì gbẹ sínú rẹ̀, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 3, ẹ to òkúta mẹ́ta lé e, ẹ dé e, kó gbóná fún ìṣẹ́jú 15 lórí iná tí kò pọ̀ kò kéré. Páànù gbọ́dọ̀ kéré sí ìkòkò, kí àyè sẹ̀ǹtímítà 2 wà yí i ká tí ooru á gbà kọjá. Ó ń gba ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ìṣòro ọ̀nà yìí méjì ni. Ojú bísíkíìtì kì í pọ́n, àfi tí ẹ bá kó ẹyin iná díẹ̀ lé ọmọrí. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe ìyẹn, nítorí èéfín èédú nínú yàrá ń pa ènìyàn. Ìkejì, omi máa ń kán láti ọmọrí sórí bísíkíìtì, nítorí náà ẹ ṣí i díẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta ìgbẹ̀yìn.

Etí tó pọ́n, àárín tó ṣì rọ̀: ìgbà yẹn ni kí ẹ gbé e kúrò. Ìgbà tó bá tutù ló ń le, nítorí bọ́tà àti ṣúgà rẹ̀ á gan. Ẹni tó bá dúró kó le lórí iná, èéfín ló máa kọ́kọ́ rí. Ẹ fi sílẹ̀ lórí páànù fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ tó kó o sórí wáyà. Wáyà tí a fi ń yan ẹja ṣe é lò, bí ẹja ò bá tíì dé orí rẹ̀ rí. Ẹ má to ìkejì sórí páànù tó ṣì gbóná, ó máa yọ́ kó tó wọnú iná.

Bí bísíkíìtì kò bá tíì tutù tán, ẹ má kó o sínú ike: ooru rẹ̀ á di omi lára ọmọrí, á kán padà sí i, ọjọ́ kejì á rọ̀ bí búrẹ́dì. Bí ó bá tutù tán, tí ọmọrí sì ń dé pinpin, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má kó o pọ̀ mọ́ kéèkì, torí omi inú kéèkì á wọ̀ ọ́ lára. Èyí tó bá ti rọ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún ní 150°C á dá a padà. Ẹ yan án lọ́jọ́ tó ṣáájú ọdún, kí ẹ ti dé e mọ́lẹ̀ kí ẹran Iléyá tó bọ́ sínú òróró. Ọ̀rá máa ń fa òórùn mọ́ra, òórùn ẹran díndín lára bísíkíìtì kì í lọ mọ́.