Ohun tó ń dán kọ́ ló ń pa kòkòrò àrùn

Ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan fóònù, ìkòkò tàbí tàìlì ní Ìlọrin yìí, ẹnì kan á ṣáà sọ pé èyí ti ní nano lára, ìyẹn nǹkan tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i, pé ó ń dán gbinrin, kòkòrò àrùn tó bá fẹ́ bà lé e á kàn yọ̀ ṣubú ni. Àwọn tó ń ta screen guard olómi, èyí tí wọ́n ń fi pa ojú fóònù, ní Challenge ń fi polówó ọjà. Àwọn tó ń ta ìkòkò tí ọbẹ̀ kì í jó mọ́ nídìí náà ń fi polówó. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó kàwé jù mí lọ, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí.

Pé nǹkan dídán ń gbé kòkòrò àrùn, n ò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Ẹni tó bá ti gbàgbé wàrà sínú abọ́ dídán di ọjọ́ kejì, tó wá ṣí ìdérí rẹ̀, ti rí ìdáhùn tirẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ohun tí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ rí nípa àwọn nǹkan nano yìí yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí wọ́n ń fi polówó. Ojú nǹkan tó ń pa bakitéríà láìsí oògùn lára rẹ̀ wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò jọ̀lọ̀. Ó rí gbágungbàgun.

Ẹ mú ìyẹ́ lámilámi. Ọmọ tó bá ti ṣeré létí odò Asà mọ̀ ọ́n: ó mọ́ gaara débi pé èèyàn lè fi wo òdìkejì, ó sì ń kọ yẹ̀rì bí oòrùn bá bà á. Ojú lásán ni yóò sọ fún yín pé kò sí ohun tó jọ̀lọ̀ tó o. Bí wọ́n bá gbé e sábẹ́ màíkírósíkóòpù alágbára, òpó tín-ín-tìn-ìn-tín ló kún ojú rẹ̀, tí a ń fi nanómítà wọn gíga wọn. Kí ẹ lè mọ bí nanómítà ṣe kéré tó: 1,000,000 rẹ̀ ló wà nínú mílímítà kan. Fọ́nrán irun orí kan fẹ̀ tó nǹkan bí 80,000. Ọ̀pọ̀ bakitéríà kò gùn ju 1,000 sí 2,000 lọ.

Ewé kókò náà nìyẹn. Ní oko Àjàṣẹ́-Ìpo, bí òjò bá dá, omi á ká jọ sórí rẹ̀ ní róbótó-róbótó, á máa yí kiri, á sì kó eruku dání lọ. Àwọn èèyàn ní ewé náà ń yọ̀ ni. Rárá o. Wilhelm Barthlott àti Christoph Neinhuis ní Jámánì ti ṣàlàyé irú ewé bẹ́ẹ̀ ní 1997: kókó wúruwùru ló wà lójú ewé, ìda sì bo àwọn kókó yẹn, afẹ́fẹ́ wà láàárín wọn, orí afẹ́fẹ́ yẹn ni omi jókòó sí. Bí ẹ bá fi ọwọ́ ra ewé náà títí ó fi dán, omi á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ lọ dán an wò, kì í gba owó.

Iṣẹ́ tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí lórí bakitéríà wá láti Yunifásítì Swinburne ní Melbourne, ní Ọsirélíà. Ní 2012, Elena Ivanova àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé ìwádìí jáde lórí ìyẹ́ cicada, kòkòrò kan tó máa ń han gooro lórí igi. Òpó orí ìyẹ́ rẹ̀ ga tó nǹkan bí 200 nanómítà, láti àárín ọ̀kan dé àárín èkejì sì tó nǹkan bí 170, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ. Wọ́n kó Pseudomonas aeruginosa lé e, bakitéríà kan tó ń yọ àwọn oníṣègùn lẹ́nu púpọ̀ lójú egbò. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, bakitéríà ti ń ya.

Ẹni tó bá ní làákàyè yóò béèrè bóyá oje kan ló wà lára ìyẹ́ yẹn tó ń ṣiṣẹ́ bí oògùn. Àwọn náà béèrè. Wọ́n fi wúrà tó fẹ́lẹ́ gan-an bo ìyẹ́ náà, tí nínípọn rẹ̀ jẹ́ nanómítà 10, kí ohunkóhun tó bá wà lábẹ́ má lè fara kan bakitéríà. Ó ṣì ń pa wọ́n. Ìrísí ojú ìyẹ́ náà ló ń pa á, kì í ṣe èròjà inú rẹ̀.

Ibí yìí ni àwọn tó ka ìròyìn náà dé ìlàjì ti bọ́ sínú àṣìṣe kejì: wọ́n ní òpó yẹn ń gún bakitéríà bí abẹ́rẹ́. Àlàyé tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi ìṣirò gbé kalẹ̀ ní 2013 kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo tapólì tí wọ́n ta sórí òpó ní ọjà Ìpàtà nígbà tí òjò bá dúró sórí rẹ̀. Ibi tí òpó ti gbé e ró kọ́ ló sábà ń kọ́kọ́ ya. Àárín òpó sí òpó ni, ibi tí omi ti fà á wálẹ̀, tó ti nà tán. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni awọ bakitéríà náà: ó lẹ̀ mọ́ orí àwọn òpó, èyí tó wà láàárín wọn ń nà, ń nà, títí agbára rẹ̀ fi pin. Ìdí nìyẹn tí bakitéríà tí ara rẹ̀ nípọn, irú Staphylococcus aureus, fi jókòó sórí ìyẹ́ cicada tí nǹkan kan ò ṣe é. Ìgbà tí wọ́n fi ìtànṣán makirowéfù sọ ara irú àwọn bẹ́ẹ̀ di rírọ̀ ni wọ́n tó kú.

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò parí. Ní 2017, àwọn mìíràn ní Ọsirélíà wo E. coli lórí ìyẹ́ lámilámi, wọ́n ní ó jọ pé òwú lílẹ̀ tí bakitéríà fúnra rẹ̀ ń tu jáde ló fi so ara rẹ̀ mọ́ àwọn òpó, bó sì ṣe ń jà láti kúrò ló ń fa ara rẹ̀ ya. Ní 2020, àwọn ará Bristol ní England gbé tiwọn jáde: òpó ń wọ inú awọ bakitéríà, ṣùgbọ́n kì í fi dandan bẹ́ ẹ, ó ń dí i lọ́wọ́ láti bí sí i, ó sì ń jẹ́ kí àwọn èròjà tó ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́ láti inú pọ̀ sí i. Ṣé ẹ rí i báyìí? Àwọn tó ní màíkírósíkóòpù ṣì ń jiyàn lórí bí ikú ṣe ń pa bakitéríà. Ẹni tó rọ omi nano sínú ṣágo kékeré láti tà ti mọ̀ ọ́n parí.

Ohun mìíràn tún wà. Ìyẹ́ cicada tò dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn òpó orí ìyẹ́ lámilámi kò tò bẹ́ẹ̀: èyí ga, èyí kúrú, àwọn kan forí kan ara wọn. Síbẹ̀ ìyẹ́ lámilámi pa Staphylococcus tí ti cicada ò lè pa. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi "títò lẹ́sẹẹsẹ" nìkan ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ náà ní láti fara balẹ̀. Èrò tèmi ni pé gíga òpó, ẹnu rẹ̀ àti bó ṣe ń tẹ̀ ṣe pàtàkì tó títò rẹ̀, bó má bàá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo lè rí i tí wọ́n á tún yí i padà lọ́dún tó ń bọ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni sílíkọ́nì dúdú. Ọdún 2013 yẹn ni àwọn ará Swinburne gbé e jáde pẹ̀lú ti lámilámi. Sílíkọ́nì tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yà kọ̀ǹpútà máa ń dán débi pé èèyàn lè wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n fi gáàsì tí iná mànàmáná ti tú ká jẹ ojú rẹ̀ títí ó fi yọ òpó ṣóńṣó-ṣóńṣó. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ àárín àwọn òpó yẹn kì í rọ́nà jáde mọ́, ló bá di dúdú kirikiri. Èyí tó dúdú, tí kò dán rárá yìí, ló ń pa Pseudomonas, Staphylococcus àti èso (spore) bakitéríà Bacillus subtilis tó máa ń le koko.

Wọ́n tún ń ṣe irú ojú bẹ́ẹ̀ láti ara alumíníọ́mù. Bí wọ́n bá rì í sínú ásíìdì, tí wọ́n sì fi iná mànàmáná sí i, ihò á yọ lára rẹ̀. Hideki Masuda àti Kenji Fukuda ní Japan fi hàn ní 1995 pé ihò náà lè tò fúnra wọn ní onígun mẹ́fà-mẹ́fà. Wọ́n lè wá fi ihò yẹn ṣe mọ́ọ̀dì fún òpó. Kí ẹnikẹ́ni má wá tìtorí èyí sọ pé ìkòkò alumíníọ́mù ilé wọn ń pa kòkòrò o.

Mi ò sọ pé irọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n kọ nano sí lára. Fàdákà àti bàbà ń pa bakitéríà, bí wọ́n bá sì fi eérún fàdákà tó kéré sí nǹkan, ó lè ṣiṣẹ́; èròjà ló ń pa á nígbà náà, kì í ṣe dídán. Dídán náà ní ànfààní tirẹ̀: nǹkan tó jọ̀lọ̀ rọrùn láti fọ̀, pákó ìgẹran tí ọ̀bẹ ti ha yánnayànna kò sì rọrùn. Ṣùgbọ́n rírọrùn láti fọ̀ túmọ̀ sí pé ẹ ó fọ̀ ọ́. Screen guard olómi tí wọ́n ń tà, sílíkà ni wọ́n sábà ń sọ pé ó wà nínú rẹ̀, ó sì lè gba fóònù lọ́wọ́ ìhakaha díẹ̀. Bóyá. Kò sọ ọ́ di ìyẹ́ lámilámi.

Kódà, ojú tó ń pa bakitéríà gan-an, òkú wọn máa ń ṣẹ́ kù sórí rẹ̀, àwọn tó bá dé lẹ́yìn á sì jókòó sórí òkú. Ẹ wá fi epo pupa, òógùn ọwọ́ àti eruku ọyẹ́ Ìlọrin kún un, kí ẹ sọ fún mi bí òpó tó ga tó nanómítà 200 yóò ṣe yọrí. Nítorí náà, ẹni tó bá ń rọ omi nano sínú ìgò oúnjẹ ọmọ dípò kó sè é, mo bẹ̀ ẹ́, kó ṣíwọ́. Bí ẹni tó ń tà á bá ní ó ń pa kòkòrò àrùn, ẹ bi í pé irú bakitéríà wo, àti pé lẹ́yìn tí a bá ti nù ún lẹ́ẹ̀mélòó. Bí kò bá rí èyí dáhùn, ọṣẹ àti omi ṣì wà.