Ẹ̀rọ aṣàwárí irọ́: kí ló ń rí gan-an?

Bí àwọn èèyàn bá gbọ́ pé àyẹ̀wò polygraph ni iṣẹ́ mi, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: ṣé lóòótọ́ ni ẹ̀rọ yẹn ń mọ̀ bí èèyàn bá ń purọ́? Rárá o. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó dá irọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí òótọ́. Ohun tí ẹ̀rọ aṣàwárí irọ́ mọ̀ kò ju pé àyà yín ń lù kìkìkì, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín ga sí i, èémí yín yí padà, ìka yín sì ti ń làágùn. Ohun tó fà á kò hàn sí i. Bí ajá tó ń gbó lóru ló rí: ẹ mọ̀ pé nǹkan kan ń rìn níta, àmọ́ ajá ò lè sọ fún yín bóyá olè ni tàbí àlejò.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á so rọ́bà méjì mọ́ yín lára, ọ̀kan láyà, èkejì níkùn, láti máa ka bẹ́ ẹ ṣe ń mí. Wọ́n á wé irú ohun tí nọ́ọ̀sì fi ń wọn ìfúnpá mọ́ yín lápá. Wọ́n á fi wáyà kan ọmọ ìka yín méjì, iná mànàmáná tó kéré débi pé ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára yóò máa gba ibẹ̀ kọjá. Bí òógùn bá ti yọ, bó ti wù kó kéré mọ, iná náà á túbọ̀ rọ́nà gbà. Lóde òní, ìjókòó náà tún máa ń ní ohun tó ń mọ̀ bí èèyàn bá ń yí ìdí. Gbogbo rẹ̀ á wá máa fà gẹ́gẹ́ bí ìlà lójú kọ̀ǹpútà. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ṣáájú ọdún 1920 ni William Moulton Marston, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ti ń fi ìfúnpá wá òpùrọ́ kiri, nígbà tó sì di 1921, John Larson, ọlọ́pàá kan ní Berkeley ní California, pa ìfúnpá àti èémí pọ̀ sínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Marston yìí kan náà ló wá dá akọni obìnrin kan sílẹ̀ nínú ìwé àwòrán, tó sì fún un ní okùn tó ń mú èèyàn sọ òótọ́. Ọ̀rọ̀ náà mà jẹ ẹ́ lógún o.

Àmọ́ wáyà kọ́ ni iṣẹ́. Ìbéèrè ni. Níwọ̀n bí kò ti sí àmì kan pàtó tó ń yọ lára gbogbo òpùrọ́, ìfiwéra nìkan ló kù fún wa. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù, èyí tí John Reid gbé jáde lọ́dún 1947, ni pé ká pa oríṣi ìbéèrè méjì pọ̀. Ọ̀kan dá lórí ẹ̀sùn tó wà nílẹ̀: “Ṣé ẹ̀yin lẹ kó owó tó wà nínú àpótí yẹn?” Èkejì kò lórí kò nídìí, ó sì máa ń dójú tini: “Láti kékeré yín, ǹjẹ́ ẹ ti mú ohun tí kì í ṣe tiyín rí?” Ta ni kò mú un rí? Ṣùgbọ́n olùṣàyẹ̀wò á ti fọgbọ́n darí ọ̀rọ̀ títí tó fi jẹ́ pé “rárá” lẹ máa fi dáhùn. Ìrònú tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ owó náà yóò máa bẹ̀rù ìbéèrè kejì jù, torí ó mọ̀ pé òun ń bo nǹkan níbẹ̀. Olè ní tirẹ̀ ò ráyè ìyẹn. Ìbéèrè owó ló máa mú kí ara bù ú máṣọ.

Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi ara yín sípò ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn láìṣẹ̀. Wọ́n bi yín bóyá ẹ ti parọ́ fún òbí yín rí. Wọ́n tún bi yín bóyá ẹ̀yin lẹ pa lágbájá. Èwo ló gbé ẹ̀wọ̀n dání nínú méjèèjì? Kò dìgbà téèyàn bá jẹ̀bi kí àyà rẹ̀ tó já. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé olóòótọ́ ló yẹ kó ṣọ́ra fún irú àyẹ̀wò yìí jù, pàápàá olóòótọ́ tó jẹ́ onítìjú, tí nǹkan sì máa ń tètè ká lára.

Ọ̀nà mìíràn wà tí mo fara mọ́ ju ìyẹn lọ. David Lykken, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde lọ́dún 1959. Kò béèrè bóyá ẹ ṣe é. Ó ń wá bóyá ẹ mọ ohun tí ẹni tó ṣe é nìkan lè mọ̀. Ká ní aago ọwọ́ ni olè gbé, tí ọlọ́pàá ò sì sọ ọ́ síta. Olùṣàyẹ̀wò á máa dárúkọ nǹkan márùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan: òrùka, fóònù, aago, ẹ̀gbà, báàgì. Létí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, ọ̀kan ò ju ọ̀kan. Létí olè, aago yàtọ̀. Òótọ́ ni pé aláìṣẹ̀ lè ṣèèṣì ta gìrì sí aago, ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún. Ṣùgbọ́n bí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ bá tó mẹ́fà, kó tó ṣèèṣì ta gìrì síbi tó yẹ nínú gbogbo wọn, ẹ̀ẹ̀kan ni nínú ìgbà 15,625. Àwọn ọlọ́pàá Jàpáànù ti ń lò ó tipẹ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni ẹnu: bí ìròyìn bá ti gbé kúlẹ̀kúlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà jáde, tàbí tí ọlọ́pàá bá ti sọ ọ́ mọ́ afurasí létí, kò wúlò mọ́. Ìdí kan tí wọn kì í fi í lò ó púpọ̀ níbòmíràn náà nìyẹn, torí ó ń fẹ́ kí àwọn tó ń wádìí ọ̀rọ̀ lè pa ẹnu wọn mọ́.

Ní ti ara fúnra rẹ̀, ohun tó lè da ìlà yẹn rú pọ̀. Oògùn bíi propranolol, tí wọ́n ń fún àwọn kan nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àyà tó ń lù jù, máa ń dín bí ọkàn ṣe ń fèsì kù. Bí yàrá bá tutù nini, òógùn ìka á ṣòro kà. Ẹni tí ikọ́ fée ń dà láàmú, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í lù déédéé, ẹni tí kò fojú kan oorun mọ́jú, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níwájú àwọn ọlọ́pàá tó ti ń da ìbéèrè bò ó láti àárọ̀: ara irú wọn ti ń ké kí ẹnikẹ́ni tó bi wọ́n ní nǹkan kan. Bí ìbéèrè bá sì jẹ́ ní èdè tí èèyàn ò gbọ́ dénú, wàhálà àtigbọ́ ọ nìkan ti tó láti yí èémí padà.

Síbẹ̀, bẹ́ ẹ bá bi mí, olùṣàyẹ̀wò ló ń da èsì rú ju ara lọ. Lọ́dún 1986, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CBS ní Amẹ́ríkà pe àwọn oníṣẹ́ polygraph mélòó kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ní wọ́n ti jí kámẹ́rà kan, kí wọ́n bá àwọn wá olè náà láàárín àwọn òṣìṣẹ́. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rọra sọ orúkọ ẹni tí wọ́n ń fura sí sí olùṣàyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan létí, orúkọ tí ọ̀kan gbọ́ kọ́ sì ni èkejì gbọ́. Olúkúlùkù wọn ló rí olè, ẹni tí wọ́n ti nawọ́ sí fún un gan-an ló sì rí. Mi ò rò pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ohun téèyàn ti gbà gbọ́ máa ń wọnú ohùn tó fi ń béèrè ọ̀rọ̀, ó sì máa ń wọnú ojú tó fi ń wo ìlà. Ó yẹ kí ẹlòmíràn tí kò mọ ẹni náà, tí kò sì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ rí, tún ìlà yẹn kà kí wọ́n tó kéde ohunkóhun.

Ẹni tó jẹ̀bi náà kì í káwọ́ gbera. Nínú ìwádìí kan tí Charles Honts àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 1994, wọ́n fi ìṣẹ́jú tí kò ju 30 lọ kọ́ àwọn èèyàn ní ọgbọ́n díẹ̀, irú bíi kí wọ́n máa geyín mọ́ ahọ́n tàbí kí wọ́n máa ṣe ìṣirò lọ́kàn bí wọ́n bá dé orí ìbéèrè ìfiwéra, ìyẹn oríṣi kejì tí mo sọ lókè, kí ara wọn lè fèsì sí i ju ìbéèrè ẹ̀sùn lọ. Nǹkan bí ìdajì wọn ló tan ẹ̀rọ náà jẹ. Ẹlòmíràn ò tiẹ̀ nílò ọgbọ́n kankan. Aldrich Ames, òṣìṣẹ́ CIA, iléeṣẹ́ amí Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta àṣírí fún Soviet lọ́dún 1985, yege lọ́dún 1986, ó tún yege lọ́dún 1991, ọdún 1994 lọ́wọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Ìmọ̀ràn tó gbà lọ́dọ̀ KGB, iléeṣẹ́ amí Soviet, kò ju pé kó sùn dáadáa, kó fara balẹ̀, kó sì bá olùṣàyẹ̀wò ṣe bí ọ̀rẹ́. Gary Ridgway, apànìyàn kan ní Amẹ́ríkà, náà yege lọ́dún 1984. Ọdún 2001 ni àyẹ̀wò DNA tó tú àṣírí rẹ̀, nígbà tó sì di 2003, ó gbà ní kóòtù pé òun pa obìnrin 48.

Iye ìgbà tí ẹ̀rọ náà ń tọ̀nà wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tan aráàlú jù. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ polygraph ní Amẹ́ríkà kó ìwádìí jọ lọ́dún 2011, wọ́n ní àwọn ọ̀nà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ máa ń tọ̀nà ní nǹkan bí ìgbà 87 nínú 100, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ àwọn tí èsì wọn ò yanjú sẹ́yìn. Ìgbìmọ̀ tí National Research Council, àjọ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ kò nígbàgbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Nínú ìròyìn wọn lọ́dún 2003, wọ́n ní bó bá jẹ́ lórí ẹ̀sùn kan pàtó, ẹ̀rọ náà sàn dáadáa ju kéèyàn máa méfò lọ, àmọ́ ó jìnnà sí pípé.

Ká tiẹ̀ gbà pé ó ń tọ̀nà tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fi yẹ ẹnì kan wò tí ẹ̀rí mìíràn ti wà lòdì sí, ó lè wúlò. Ṣùgbọ́n bí iléeṣẹ́ kan bá kó gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ jókòó sídìí ẹ̀rọ láti fi wá ọ̀dàlẹ̀ ńkọ́? Ìgbìmọ̀ yẹn ṣírò rẹ̀. Ká ní òṣìṣẹ́ 10,000 ló wà níbẹ̀, tí amí 10 sì wà nínú wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹ̀rọ mú 8 nínú àwọn amí náà, yóò kó aláìṣẹ̀ 1,598 mọ́ wọn. Nínú ẹni 1,606 tí ẹ̀rọ ní wọ́n purọ́, ẹ máa ka nǹkan bí 200 kẹ́ ẹ tó kan amí kan ṣoṣo. Wọ́n lè dẹwọ́ kó má bàa kó aláìṣẹ̀ ju 39 lọ, àmọ́ amí 2 péré ni yóò mú nígbà yẹn, 8 yòókù á yan fanda kọjá. Mi ò rí bí iléeṣẹ́ kan ṣe lè fojú ara rẹ̀ rí ìṣirò yìí kó tún máa fi polygraph gba òṣìṣẹ́ tàbí lé e kúrò.

Kí ló wá mú kí àwọn ọlọ́pàá ṣì fẹ́ràn rẹ̀? Torí àwọn èèyàn máa ń jẹ́wọ́ ni. Ẹni tó bá gbà gbọ́ pé ẹ̀rọ ti mọ inú òun, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í dúró kí wọ́n parí àyẹ̀wò. Ó ti tú ọ̀rọ̀ tó díjú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ yìí kan náà ti ba ayé ẹlòmíràn jẹ́. Ní Connecticut ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1973, wọ́n sọ fún ọmọ ọdún 18 kan pé ẹ̀rọ ti fi hàn pé òun ló pa ìyá rẹ̀. Wọ́n ń sọ ọ́, wọ́n ń tún un sọ, títí ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá òun ṣe é tí òun ò rántí. Ó fọwọ́ sí ìwé ìjẹ́wọ́. Wọ́n dá a lẹ́bi, ọdún mélòó kan sì kọjá kí wọ́n tó fagi lé ẹ̀sùn náà.

Àwọn adájọ́ ò kánjú gba ẹ̀rọ yìí gbọ́ rárá. Ọdún 1923 ni kóòtù kan ní Washington ti kọ ẹ̀rí Marston nínú ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Frye. Ilé ẹjọ́ gíga jù ní Kánádà kọ ẹ̀rí irú bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1987, ti Jámánì ní kò wúlò fún ẹ̀rí rárá lọ́dún 1998, ti Íńdíà sì ní lọ́dún 2010 pé wọn ò gbọ́dọ̀ fi tipátipá ṣe é fún ẹnikẹ́ni. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1988 kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ jù lọ iléeṣẹ́ aládàáni fi yẹ òṣìṣẹ́ wọn wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin náà kò kan ìjọba fúnra rẹ̀.

Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá ṣe é, ẹ bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó dáhùn. Bẹ́ ẹ bá gbà, ẹ ní kí wọ́n ka gbogbo ìbéèrè fún yín ṣáájú. Olùṣàyẹ̀wò tó mọṣẹ́ kì í fi ìbéèrè kankan bani lójijì. Ẹ sọ oògùn tẹ́ ẹ ń lò àti àìsàn tó ń ṣe yín, ẹ má sì torí àyẹ̀wò dá oògùn dókítà dúró. Ẹ ní kí wọ́n gba ohùn àti àwòrán gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ibi tó léwu jù ni ìgbà tí wọ́n bá tú wáyà lára yín tán, tí olùṣàyẹ̀wò fà ṣíà rẹ̀ súnmọ́ yín, tó sì ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé ẹ̀rọ ní nǹkan kan wà tẹ́ ẹ ò tíì sọ. Ẹ̀rọ ò sọ bẹ́ẹ̀, òun ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ò sì jẹ ẹ́ lálàyé kankan lórí ìlà. Bó bá sì jẹ́ pé ọkọ tàbí ìyàwó ló fẹ́ kí ẹnì kejì wá ṣe é nítorí àgbèrè, èmi kì í gbà á lọ́wọ́ wọn: bí ẹ̀rọ bá ní ó ṣe é, wọn ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, bó bá ní kò ṣe é, ẹni tó ń fura ò ní gbà.