Báwo ni adìẹ ṣe ń la òtútù Minnesota já?

Lóṣù kẹta ọdún 2025, owó ẹyin méjìlá ní Amẹ́ríkà gun òkè dé dọ́là 6.23. Kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ rí. Látìgbà náà ni àwọn ará wa tó ní ẹ̀yìnkùlé lọ́hùn-ún ti ń sọ pé àwọn náà á sin adìẹ mẹ́rin márùn-ún. Nígbà ooru, kò sí wàhálà. Ìgbà tí yìnyín bá bo ilẹ̀ ni ìbéèrè máa ń pọ̀. Ti Minnesota, ìpínlẹ̀ kan ní àríwá Amẹ́ríkà, ni mo ń dáhùn níbí, níbi tí òtútù ìlú Minneapolis ti já sí dígírì 28 sísàlẹ̀ òdo ní ìwọ̀n Fahrenheit ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 2019, èyí tó jẹ́ 33 sísàlẹ̀ òdo ní ti Celsius.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òtútù yẹn ò ní pa wọ́n? Àwa tá a wọ kóòtù lé súwẹ́tà gan-an ṣì ń gbọ̀n.

Ìdáhùn: Adìẹ tó ti dàgbà, tó yó, tí ìyẹ́ ara rẹ̀ pé, òtútù nìkan kì í sábà pa á. Ara tirẹ̀ gbóná ju tiwa lọ: tiwa ò ju nǹkan bíi 37 Celsius, tirẹ̀ ń lọ sí 41. Bí òtútù bá dé, á fẹ ìyẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ títí á fi rí roboto. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín ìyẹ́ náà ni kì í jẹ́ kí ooru ara rẹ̀ sá lọ. Ẹsẹ̀ tí kò ní ìyẹ́ ńkọ́? Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ gbígbóná bọ̀ wálẹ̀ sún mọ́ èyí tó ń gbé tútù padà sókè, ọ̀kan á máa mú èkejì gbóná lójú ọ̀nà. Ẹsẹ̀ á tutù, inú ò ní tutù.

Ohun tó ń bá wọn jà gan-an ni omi. Adìẹ kì í tọ̀ lọ́tọ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ń bá ìgbẹ́ jáde. Èémí wọn náà, ọ̀rinrin ni. Bí wọ́n bá fi gbogbo òru mí sínú ilé tá a tì pa, ọ̀rinrin náà á lọ lẹ̀ mọ́ ogbe orí wọn, á dì níbẹ̀. Ẹ ó kọ́kọ́ rí i pé àwọ̀ ṣóńṣó ogbe ti ṣì. Tó bá ṣe díẹ̀ sí i, á dúdú, á gbẹ, á já bọ́.

Ìbéèrè: Ẹ wá ní kí n lu ihò sára ilé adìẹ nínú òtútù yẹn? Ṣé ẹ ò ṣì í sọ ni?

Ìdáhùn: Mi ò ṣì í sọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fọwọ́ ara wọn ṣe adìẹ wọn léṣe. Wọ́n á fi ọ̀rá dí fèrèsé, wọ́n á ki fóòmù bọ gbogbo ojú pákó, wọ́n á ní ilé ti móoru. Ó móoru lóòótọ́, àmọ́ ó tún rin. Ọ̀rọ̀ yìí ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ní 1912, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà kan, Prince T. Woods, ti tẹ ìwé jáde pé kí wọ́n fi wáyà nìkan dí iwájú ilé adìẹ, kí afẹ́fẹ́ máa wọlé nígbà ooru àti nígbà òtútù. Ilé tirẹ̀ jìn lọ sẹ́yìn, ẹ̀yìn yẹn ni adìẹ sì ń sùn, níbi tí atẹ́gùn ò lè dé. Àwọn kan ṣì ń kọ́ irú rẹ̀ dòní níbi tí yìnyín ti ń ga.

Gíga ihò lọ̀rọ̀ wà. Afẹ́fẹ́ tó ń gba orí wọn kọjá yàtọ̀ sí atẹ́gùn tó ń fẹ́ lù wọ́n lára. Ẹ gé ihò sókè pátápátá, lábẹ́ etí òrùlé, ní ìhà méjèèjì, kí etí òrùlé ṣíji bò ó kí yìnyín má bàa fẹ́ wọlé. Ooru a máa gòkè. Ọ̀rinrin á bá a lọ, á jáde níbẹ̀. Nísàlẹ̀ níbi tí wọ́n ń sùn, ẹ dí gbogbo ojú tó là. Ọ̀pọ̀ àgbà nídìí iṣẹ́ yìí ní kí a fi ihò tó tó fíìtì kan ní fíìtì kan sílẹ̀ fún adìẹ kọ̀ọ̀kan. Wáyà tó nípọn, tí ojú rẹ̀ ò ju ìdajì ínǹṣì, ni kẹ́ ẹ kàn mọ́ ọn. Raccoon, ẹranko kan tó máa ń pa adìẹ jẹ lọ́hùn-ún, mọ ọwọ́ lò, á fa wáyà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ya.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ihò yín tó? Ẹ lọ síbẹ̀ ní ìdájí, kẹ́ ẹ tó ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ẹ wo gíláàsì fèrèsé. Bí yìnyín wínníwínní bá ti hù sára rẹ̀ láti inú, tàbí tí omi ń kán lábẹ́ páànù, ihò ò tó. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ títí imú yín á fi dọ́gba pẹ̀lú ibi tí wọ́n bà lé. Tí òórùn bá ta yín nímú tí ojú yín ń ṣomi, ohun tí wọ́n ti ń fà símú láti àṣálẹ́ nìyẹn. Ẹ kó ìgbẹ́ abẹ́ igi ìsùn wọn láràárọ̀ (lóṣù kìíní ó ti dì gan-in, kò tilẹ̀ ń yí ṣọ́bìrì), kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí èérún pákó gbígbẹ ga tó ínǹṣì 8 sí 12 nílẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n gbé gílóòbù pupa yẹn síbẹ̀, èyí tó ń mú ooru wá.

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín, àmọ́ mi ò bá wọn lọ́wọ́ sí i. Wáàtì 250 ni, èérún pákó ló wà lábẹ́ rẹ̀, adìẹ ń fò, eruku ń fò. Ilé adìẹ tó ti tipa rẹ̀ jóná kì í ṣe ọ̀kan kì í ṣe méjì, iná sì lè ràn mọ́ ilé èèyàn. Yàtọ̀ síyẹn, adìẹ tí ooru ti mọ́ lára kò ní lè fara da òtútù òjijì. Tí iná bá lọ lóru tí yìnyín ń jà (iná ń lọ lọ́hùn-ún náà, ẹ má rò pé NEPA nìkan ló mọ̀ ọ́n), ìgbà yẹn gan-an ni ẹ ó ka òkú. Òròmọdìẹ nìkan ni mo gbà pé ooru tọ́ sí.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè rí irú adìẹ ilé wa sìn níbẹ̀?

Ìdáhùn: Abọ́lọ́rùn àti òpìpì tá a mọ̀ nílé, ilẹ̀ olóoru ló bá wọn mu. Ìyẹ́ wọn kéré, ooru sì ń ráyè jáde lára wọn. Ohun tó gbà wọ́n nílé ló máa pa wọ́n ní Minnesota. Adìẹ tí ogbe rẹ̀ ga, bíi Leghorn, yìnyín tètè ń jẹ ẹ́ lógbe. Èyí tí ogbe rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí ni kẹ́ ẹ wá. Chantecler lèmi yàn láàyò. Ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn kan, Wilfrid Châtelain, ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe é jáde ní ilé àwọn mọ́ǹkì ní Oka, Quebec, nítorí ó fẹ́ adìẹ tí á máa yé nínú òtútù Kánádà, tí ogbe rẹ̀ àti ẹran tó rọ̀ sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ò ní tó nǹkan. Ọdún 1921 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà. Wyandotte, Brahma àti Buckeye náà dára.

Ìbéèrè: Irú igi wo ni kí wọ́n máa bà lé sùn?

Ìdáhùn: Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ, igi tín-ín-rín ò sì jìnnà sí okùn. Igi 2 by 4 táwọn káfíńtà mọ̀ ni kẹ́ ẹ lò, kí ojú tó fẹ̀ kọjú sókè. Adìẹ á tẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹrẹsẹ, á jókòó lé e, ìyẹ́ àyà á bo gbogbo ìka. Bó bá jẹ́ igi tó ń fọwọ́... kí n sọ pé tó ń fẹsẹ̀ dì mú ni, ìka á yọ síta fún yìnyín. Ínǹṣì 8 sí 10 tó adìẹ kan lórí igi. Nílẹ̀, fíìtì 2 ní fíìtì 2.

Ìbéèrè: Láti oṣù kọkànlá, tèmi ò yé mọ́. Ṣé àìsàn ni?

Ìdáhùn: Rárá, ìmọ́lẹ̀ ló dín kù. Adìẹ ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ wákàtí 14 sí 16 lójúmọ́ kó tó lè máa yé dáadáa. Ọ̀sán Èkó kì í kúrú ju wákàtí mọ́kànlá ààbọ̀ lọ láàárín ọdún, ìdí nìyẹn tá ò fi ń fura nílé. Ti Minneapolis ní ìparí oṣù kejìlá ò tó mẹ́sàn-án. Ó tún sábà ń bọ́ sí ìgbà tí wọ́n ń pa ìyẹ́ dà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹyin dandan, ẹ jẹ́ kí gílóòbù kékeré máa tàn ní ìdájí. Ẹ má fi sí alẹ́, torí tó bá kú lójijì, èyí tí kò tíì gun igi á há sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Èmi kì í tan nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi.

Ìbéèrè: Omi wọn ń dì kí n tó yíjú, wọn ò sì fẹ́ tẹ yìnyín.

Ìdáhùn: Ẹ lo abọ́ rọ́bà tó rọ̀: ẹ tẹ ìdí rẹ̀, yìnyín á bọ́ jáde, ẹ wá bu omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sí i láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Èyí tó ń lo iná wà lọ́jà, àmọ́ ẹ má gbé e sínú ilé tí wọ́n ń sùn. Ní ti ìta, ẹ kó yìnyín kúrò ní ojú ọ̀nà kan, ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sí i. Wọ́n á jáde.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè sin àkùkọ, kí n sì pa á nígbà ọdún?

Ìdáhùn: Ìlú dé ìlú lòfin wọn. Minneapolis ń béèrè ìwé àṣẹ, ọ̀pọ̀ ìlú míì ò gba àkùkọ láàyè rárá nítorí kíkọ rẹ̀, àwọn kan ò sì gbà kéèyàn pa ẹran ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹ pe ọ́fíìsì ìlú yín kẹ́ ẹ tó ra pákó.