Responsabilité civile: ọ̀ràn tó ń bá owó ilé rìn

Onílé tó kọ́ yàrá mẹ́fà sí Wàndó, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Bẹ̀nẹ̀, owó ilé ìparí oṣù ló máa ń gbájú mọ́. Àmọ́ nǹkan kan ń bá owó yẹn rìn, òun ni àwọn nótéè àti agbẹjọ́rò ń pè ní responsabilité civile. Kò ṣòro: bí ohun ìní yín tàbí àìbìkítà yín bá pa ẹnì kan lára, tàbí tó ba dúkìá rẹ̀ jẹ́, ẹ̀yin lẹ máa fowó tún un ṣe. Ṣebí bí ajá bá géèyàn jẹ, olówó ajá la máa ń wá lọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n yàtọ̀ sí èyí. Owó là ń sọ.

Òfin tó wà nídìí rẹ̀ ti pẹ́. Code civil tí àwọn Faransé ṣe ní 1804 ni, tí Bẹ̀nẹ̀ jogún. Abala 1386 sọ pé bí ilé bá wó nítorí àìtọ́jú tàbí àléébù ìkọ́lé, onílé ló máa san ohun tó bá bàjẹ́. Ẹni tó mọ Àjàṣẹ́ dáadáa á mọ ìdí tí mo fi dúró síbí. Àwọn ilé Àgùdà àtijọ́ wọ̀nyẹn lẹ́wà, ṣùgbọ́n amọ̀ ni ògiri ọ̀pọ̀ nínú wọn. Òrùlé á jò, ẹnikẹ́ni ò ní bìkítà, òjò á máa mu ògiri lọ́dọọdún. Bó bá wá wó lu oníkiri ọjà tó ń kọjá lọ ńkọ́? Òun àti onílé ò jọ tọwọ́ bọ̀wé, síbẹ̀ ó lè pè é lẹ́jọ́. “Bàbá wa ló kọ́ ọ” kò ní gba onílé sílẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ilé ẹbí tí wọn ò tíì pín, gbogbo ajogún lọ̀rọ̀ kàn, títí dórí àbúrò tó wà l'Ékòó tí kò fojú kan owó ilé rí.

Sí ayálégbé gan-an, ẹrù yìí tún wúwo sí i. Àléébù tó bá fara sin sínú ilé, onílé ló máa dáhùn fún un, ì báà má mọ̀ nípa rẹ̀ (abala 1721). Ẹ wo iná mànàmáná: kọ́ńtà (ẹ̀rọ tó ń ka iná) kan ṣoṣo láti SBEE, ilé-iṣẹ́ iná Bẹ̀nẹ̀, dékọ́ńtà (kọ́ńtà kékeré) fún yàrá kọ̀ọ̀kan, wáyà tín-ín-rín tí ẹnì kan fà lówó pọ́ọ́kú. Bí iná bá jó ilé, ayálégbé ni òfin kọ́kọ́ máa ń dì lọ́wọ́ mú. Àmọ́ bó bá fi hàn pé àléébù ìkọ́lé ló fà á, ẹ̀bi bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Kíkó ṣálángá àti fífọ kànga náà, ọrùn onílé ló wà, àfi bí àdéhùn bá sọ nǹkan mìíràn. Ọ̀pọ̀ ayálégbé ló ń dáwó fún un láì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí wá ni onílé lè ṣe? Kó tún ilé ṣe, kó sì tọ́jú ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ tó bá ṣe. Kó ní àdéhùn tí a kọ sílẹ̀: òfin 2018-12 ti 2 oṣù Keje 2018 ló ń darí ilé gbígbé tí a fi ń háyà. Kí òun àti ayálégbé jọ yẹ ilé wò kí wọ́n tó fún un ní kọ́kọ́rọ́, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí ohun tí wọ́n rí.

Asiráǹsì wà, ṣùgbọ́n ibí ni wọ́n ti máa ń ṣì í gbọ́. Asiráǹsì iná lè máà ju ilé tiyín nìkan lọ. Ẹ béèrè apá tó ń san fún ayálégbé àti aládùúgbò, recours des locataires àti recours des voisins. Ẹni tó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ fa ọ̀ràn, asiráǹsì ò ní san án fún un.

Àwọn kan á ní ká dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Lábẹ́ òfin OHADA, ìyẹn òfin okòwò tí Bẹ̀nẹ̀ àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn jọ ń lò, ẹnì kan ṣoṣo lè dá irú ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní SARL sílẹ̀, kí ọ̀ràn má kọjá owó tó fi sínú rẹ̀, bí ilé bá jẹ́ ti SARL náà lórí ìwé. SCI, ilé-iṣẹ́ tí a máa ń dá sílẹ̀ láti fi ni ilé, tí wọ́n ń polówó kiri kò rí bẹ́ẹ̀, torí àwọn tó ni ín ṣì ń fi owó àpò ara wọn san gbèsè rẹ̀. Ní tèmi, ẹni tó ní yàrá mẹ́fà péré, owó tó fẹ́ máa san fún oníṣirò owó lọ́dọọdún, páànù àti wáyà tuntun ni kó kọ́kọ́ fi rà.